Àwòrán Èrò lórí Kọ̀ǹpútà àti Ètò Òwò Ìlú Wa
Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Iṣẹ́ Ajé sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún



Ẹ rán àwa ìgbìmọ̀ níṣẹ́ pé kí a wá ọ̀nà tí ẹgbẹ́ yìí yóò máa gbà jíròrò lórí òwò kí ó tó na owó lé e lórí. A ti jẹ́ iṣẹ́ náà. Ohun èlò kan ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, èyí tí àwọn oníṣòwò ń lò káàkiri ayé láti fi to èrò wọn. Mind map ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àwa ti ń pè é ní àwòrán èrò láàárín ara wa, orúkọ náà sì ti bá a mu.

Gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀ràn owó ti máa ń rí nínú ẹgbẹ́ bí irú tiwa. Àwọn tí ó wà ní òkè òkun ń dá owó, àwọn tí ó wà nílé ń fi agbára wọn ṣe é. Ẹni tí ó dá owó kì í sábà fi ojú rí ilẹ̀ tí a fi owó rẹ̀ gbẹ́. Ẹni tí ó ń gbẹ́ ilẹ̀ kì í sì í sábà mọ ohun tí ẹni tí ó dá owó ní lọ́kàn. Àkọsílẹ̀ ìpàdé a máa gùn tó bẹ́ẹ̀ tí akọ̀wé nìkan ni yóò kà á tán. Ní ti WhatsApp, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wa: ohun tí a fi ẹnu kò lé lórí ní alẹ́ ọjọ́ Ajé ti sọnù sábẹ́ ìkíni ọjọ́ ìbí kí ó tó di Ọjọ́rú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fọ́nká báyìí, kò ṣòro kí a ra ẹ̀rọ kí a tó bèèrè ibi tí omi rẹ̀ yóò ti wá.

Kí ni àwòrán èrò? Ẹ mú tákàdá fífẹ̀ kan, ẹ tẹ́ ẹ ní ìbú, ẹ kọ kókó ọ̀rọ̀ sí àárín gbùngbùn rẹ̀. Láti àárín yìí ni kí ẹ ti fa ẹ̀ka jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún apá kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì péré ni kí ẹ kọ sórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Láti ara ẹ̀ka ńlá, ẹ fa kéékèèké, kí ẹ sì máa bá a lọ títí ìbéèrè yóò fi tán. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rò pé ẹnìkan gun òkè, ó sì ya àwòrán igi ńlá kan láti orí rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀.

Tony Buzan, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní ọdún 1942 tí ó sì di olóògbé ní ọdún 2019, ni ó sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀, nígbà tí ó ń kọ́ àwọn ènìyàn lórí tẹlifíṣọ̀n BBC ní ọdún 1974. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀ka to ìmọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́ ní Yúróòpù ti ń ya igi ìmọ̀ kan tí wọ́n fi orúkọ Porphyry pè, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó gbé ayé ní nǹkan bí 1,700 ọdún sẹ́yìn. Nílé wa níhìn-ín pàápàá, ẹni tí ó bá mọ bí Odù mẹ́rìndínlógún ti ṣe bí àwọn yòókù títí wọ́n fi pé 256 kò ní sọ pé ohun àjèjì ni kí ìmọ̀ yọ ẹ̀ka.

Lẹ́yìn ọdún 1990 ni ọ̀nà yìí gbilẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe ọ̀nà fún un ni Mike Jetter. Àìsàn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni ó dá a dúbúlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò lẹ́yìn tí a pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò kọ̀ǹpútà tí a mọ̀ sí MindManager. Àwọn mìíràn ti tẹ̀lé e: FreeMind, Freeplane, XMind, MindMeister. A kò wá polówó ọ̀kankan nínú wọn. Ohun tí ó kàn wá ni pé Freeplane kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí. MindMeister ní tirẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń lò ó, ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ẹni tí ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí sì lè jọ fi ọwọ́ kan àwòrán kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹ lè kọ Yorùbá sórí rẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀ gbogbo. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kọ̀ǹpútà gbọ́.

Kí ni kọ̀ǹpútà fi kún ti orí tákàdá? Bí ẹ̀ka kan bá wà níbi tí kò yẹ, a lè fà á lọ síbòmíràn láì tún gbogbo rẹ̀ yà. A lè ká ẹ̀ka kan pọ̀ kí a lè gbájú mọ́ òmíràn. A lè so orúkọ ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, iye owó, ọjọ́ tí a dá àti ìwé àdéhùn mọ́ orí ẹ̀ka tí ó kàn.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà wà lójú òfuurufú, ẹ jẹ́ kí a mú òwò gàrí tí àwọn kan ti dá lábàá láàárín wa. Nàìjíríà ni ó ń kórè ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé. Ilé ìwádìí FIIRO tí ó wà ní Oshòdì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1956, ti ń ṣe wàhálà lórí bí a ó ti fi ẹ̀rọ ṣe gàrí láti ìgbà àwọn baba wa. Nítorí náà, ẹ̀rọ kọ́ ni ó wọ́n wa. A kọ “Gàrí Ìlú Wa” sí àárín, a sì fa ẹ̀ka méje jáde: Ẹ̀gẹ́, Ṣíṣe, Omi àti Iná, Ènìyàn, Ọjà, Òfin, Owó.

Lórí ẹ̀ka Ẹ̀gẹ́ ni a ti kọ́kọ́ rí ọgbọ́n. Ẹ̀gẹ́ tí a bá hú kì í ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Nínú kílò 1,000 ẹ̀gẹ́ tútù, gàrí tí yóò jáde kò ju nǹkan bí kílò 200 sí 250 lọ. Omi àti èèpo ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù. Àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ ọjà ńlá lójú títì ni kí a kọ́ ilé ẹ̀rọ sí, kí àlejò lè máa rí i. Ó dára kí àlejò rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ́ ọ síbẹ̀, tí oko jìnnà sí i, yóò máa san owó ọkọ̀ lórí omi àti èèpo lójoojúmọ́ ayé. Nígbà tí a fa ìlà láti orí “ọjọ́ mẹ́ta” lọ sí orí “ọ̀nà oko,” àríyànjiyàn tí ó ti gba ìpàdé méjì parí ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ohun kejì wá láti orí ẹ̀ka tí kò ní ewé. Ẹnìkan kọ “èèpo” sábẹ́ Ṣíṣe, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ tẹ̀lé e àfi “dídànù.” Orí kọ̀ǹpútà, irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ a máa dúró gedegbe bí igi tí iná jó. Ìgbà náà ni a lọ wádìí. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, ní ọgbà IITA tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn ILRI àti àwọn ti IITA fúnra wọn ti fi hàn pé a lè rin èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, kí a fún omi rẹ̀ dànù, kí a jọ̀ ọ́, kí a sì sá a gbẹ, kí ó di oúnjẹ fún ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ. Ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ náà lè ṣe é. Ohun tí ìbá máa rùn lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ ti di ẹ̀ka tuntun lábẹ́ Ọjà. Irú èyí ni àwọn oníṣòwò ń pè ní ọgbọ́n àtinúdá.

Ẹ̀ka Òfin kò gùn: oúnjẹ tí a bá dì sínú ọ̀rá tí a sì kọ orúkọ sí lára gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ NAFDAC kí a tó tà á. Ẹ̀ka Ènìyàn ni ó mú wa dákẹ́. Ta ni ń ṣe gàrí ní ìlú yìí lónìí? Àwọn ìyá wa ni. Bí ilé ẹ̀rọ bá ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní owó tí ó ju tiwọn lọ, tí ó sì ń ta gàrí ní owó tí ó dín sí tiwọn, níbo ni wọn yóò ti rí ẹ̀gẹ́ rà, ta ni yóò sì ra tiwọn? A ó ti fi owó tí àwọn ọmọ fi ránṣẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ìyá tí ó bí wọn. Kò sí ẹni tí ó gbèrò bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí a ti bèèrè rẹ̀ nínú gbogbo ìwé tí a ti kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú àwa tí a kọ wọ́n tí ń yan gàrí. Ọ̀nà wà: ilé ẹ̀rọ lè máa rin ẹ̀gẹ́ fún wọn, kí ó sì máa fún omi rẹ̀, kí ó gba owó iṣẹ́, kí wọ́n sì máa yan án fúnra wọn, tàbí kí wọ́n ní ìpín nínú rẹ̀. Àwọn ni yóò sọ èyí tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Èyí mú wa dé orí bí a ó ti máa yà á. Ní ọdún 1953, Alex Osborn, ará Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìpolówó ọjà, kọ ìwé kan tí ó fi kọ́ni pé bí àwọn ènìyàn bá jókòó pọ̀, tí wọ́n ń dá èrò láì sí ẹni tí ń bu ẹnu àtẹ́ lu ti ẹnìkejì, èrò yóò pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn oníṣòwò. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Yale dán an wò ní ọdún 1958, èrò ẹni mẹ́rin tí ó ronú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tí a kó wọn jọ, pọ̀ ju ti ẹni mẹ́rin tí ó jókòó pọ̀ lọ. Michael Diehl àti Wolfgang Stroebe tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 1987, wọ́n sì rí i pé dídúró de ìgbà tí ọ̀rọ̀ yóò kanni ni ó ń pa èrò jù lọ. Ní ọ̀dọ̀ wa, ó ju dídúró lọ. Bí ìjòyè bá ti sọ̀rọ̀, ọmọdé tí ó ní èrò mìíràn yóò gbé e mì nítorí ọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀ náà sì tọ́. Nítorí náà, kí olúkúlùkù kọ́kọ́ ya tirẹ̀ lórí tákàdá ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, láì kọ orúkọ sí i. Kí akọ̀wé wá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Tákàdá kò mọ ẹni tí ó yẹ kí ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ohun èlò yìí ní àbùkù tirẹ̀. Inú àwòrán èrò, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní òbí kan ṣoṣo. Òwò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí epo dísẹ́ẹ̀lì bá wọ́n, ó kan ẹ̀rọ, ó kan ọkọ̀, ó kan iye tí a ó ta àpò gàrí kan. A ní láti fa ìlà kọjá láti ẹ̀ka kan sí èkejì, bí ìlà bá sì ti pọ̀ jù, ojú yóò dàrú. Irú àwòrán mìíràn tí Joseph Novak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Yunifásítì Cornell láti ọdún 1972, tí a ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ìlà rẹ̀ láti fi hàn bí ohun kan ti kan òmíràn, dára ju ti Buzan lọ fún irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Àwòrán èrò kò sì lè rọ́pò ìwé ìṣirò owó. Bákan náà ni a kò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà àpò owó ẹgbẹ́ ní báńkì sórí èyí tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ilé onílé ni a gbé e pamọ́ sí.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nílé àti lókè òkun, yan ẹnìkan tí yóò máa bójú tó àwòrán yìí pẹ̀lú akọ̀wé. Kí ìyá méjì nínú àwọn tí ń yan gàrí jókòó ti kọ̀ǹpútà nígbà tí a bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka Ènìyàn. Kí akápò má sì ṣe fi owó kankan sílẹ̀ títí orúkọ ènìyàn àti iye owó yóò fi wà lórí gbogbo ẹ̀ka tí iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Àwọn tí ó wà ní òkè òkun lè gba àwòrán náà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín, a ti tẹ̀ ẹ́ sórí tákàdá ńlá, ó wà lára ògiri ní apá òsì gbọ̀ngàn yìí. Ẹ̀ka méje ni ó ní, méjì nínú wọn ṣì ṣófo. Gègé ìkọ̀wé wà lórí tábìlì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.