Ọ́ìlì Inú Tiransifọ́mà Náà Ń Fẹ́ Àyẹ̀wò

Mo mọ̀ pé ẹ ó máa rò ó pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó rí i.

Gbogbo àwa tí à ń gbé Lọ́ńdọ̀nù la rántí ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, ọdún 2025, tí wọ́n ti pápá ọkọ̀ òfurufú Heathrow pa. Tiransifọ́mà kan ló gbiná ní ibùdó iná North Hyde, ní Hayes, ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ilé àti ibi iṣẹ́ tó lé ní 66,000 ni iná kú mọ́ lọ́wọ́.

Ṣé ẹ rí i, inú ọ́ìlì ni wáyà tiransifọ́mà wà. Ọ́ìlì yìí ń mú ooru kúrò lára wáyà, ó sì ń dènà iná kí ó má fò láti ibì kan sí òmíràn. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ agbára rẹ̀, wọn a bu díẹ̀ sínú ife kékeré tó ní orí irin méjì tó kọjú síra. Àlàfo àárín wọn jẹ́ mìlímítà 2.5, kò tó ìnípọn owó ẹyọ pọ́n-ùn kan. Wọn a máa fi fólítì 2,000 kún agbára iná ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, títí iná yóò fi ta pàrà kọjá. Ọ́ìlì tuntun tí wọ́n ti sẹ́, tí wọ́n sì ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ, gbọ́dọ̀ lè gba fólítì 70,000. Iná ilé wa níbí, 230 ni.

Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Omi tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, tí ojú kò lè rí, ti tó láti ba agbára náà jẹ́. Bébà ni wọ́n fi wé wáyà náà. Fọ́nrán bébà tó bá já sínú ọ́ìlì a fa omi mu, iná a fà wọ́n jọ sí àlàfo, wọn a tò tẹ̀lé ara wọn bí afárá. Orí afárá yẹn ni iná ń gbà kọjá.

Ní North Hyde, ìròyìn ìwádìí tó jáde ní oṣù Keje 2025 sọ pé ó jọ pé omi ló wọ inú bushing, ìyẹn ọ̀pá tí wáyà ńlá ń gbà wọ tiransifọ́mà. Ibi tó dùn mí jù nìyí: wọ́n ti bu ọ́ìlì rẹ̀ lọ yẹ̀ wò ní oṣù Keje 2018, èsì sì fi hàn pé omi ti pọ̀ jù. Wọn kò ṣe ohun tó yẹ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù mọ irú rẹ̀: wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, èsì dé, wọ́n kì í bọ fáìlì, kò sí ẹni tó pe aláìsàn.

Ó wá kan tiransifọ́mà tí a fẹ́ dáwó rà fún ìlú wa. Òjò ilé kò ní ṣàánú rẹ̀. Àwọn olè tún wà tó ń fa ọ́ìlì lóru lọ tà. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀, wáyà a wà ní ìhòòhò, ooru a mú un. Ẹni tó bá sì sọ fún màmá yín pé ọ́ìlì yẹn dára fún oríkèé ríro tàbí àkàrà dídín, ẹ ní kí wọ́n má gbà. Àwọn ti àtijọ́ mìíràn ní kẹ́míkà PCB nínú, irú èyí tó wọ inú òróró ìrẹsì ní Jàpáàn ní 1968 tó sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di aláìsàn.

Mo wo ìwé ìṣirò tí akápò pín fún wa lónìí. Owó tiransifọ́mà wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ wà, owó àsè wà, kódà owó aṣọ ẹbí wà. Owó àyẹ̀wò ọ́ìlì lọ́dọọdún kò sí, kò sì sí orúkọ ẹni tí èsì yóò máa dé ọwọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a fi méjèèjì kún un kí a tó dìbò.