‘Ẹ ti sanra o, Abuja gbà yín!’: Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara àwa àgbàlagbà ní Nàìjíríà

Nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ìlera aráàlú ló sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń sọ èdè Yorùbá nílùú Abuja. Bó ṣe sọ ọ́ la ṣe gbé e síbí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ iwájú díẹ̀, ohùn mi kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè lónìí.

Lọ́dún tí mo pé ẹni ọdún 41, mo lọ síbi òkú àgbà kan nílé. Gbogbo ẹni tó rí mi ló ń kí mi pé, “Ẹ ti sanra o, Abuja gbà yín!” Inú mi dùn dé ibi tó le dùn dé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ó ní kí n na apá mi kí òun fi dánra wò. Ohun tó jáde ni 152 lórí 98. Mo sọ fún un pé kò mọ̀ ọ́n lò. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún un ṣe fúnra mi, ó di 154. Èmi tí mo ti ń sọ fáwọn èèyàn láti ọdún 17 pé kí wọ́n máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, mi ò yẹ tèmi wò láti ìgbà tí mo ti bí àbígbẹ̀yìn mi.

Nítorí náà, mi ò wá síbí láti fi ikùn ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: sísanra kì í ṣe ohun ìtìjú lágbègbè wa, iyì ni. Láyé àtijọ́ ní Calabar, àwọn Efik máa ń fi wúńdíá tó fẹ́ relé ọkọ sí yàrá kan, wọn á máa bọ́ ọ, wọn á máa fi òróró ra ara rẹ̀, wọn á kọ́ ọ níṣẹ́ ilé, kó tó jáde kí gbogbo ayé rí i. Ní Mauritania, leblouh ni wọ́n ń pè é, níbi tí wọ́n ti ń fipá mú ọmọdébìnrin mu wàrà ràkúnmí kó lè sanra. Tiwa ò le tó ìyẹn, àmọ́ ẹni tó bá rù láàárín wa, kíá la ó ti béèrè pé ṣé kò sí o, ṣé kì í ṣe àrùn kògbóògùn ló kó. Mo mọ obìnrin kan tó dín sísanra rẹ̀ kù nítorí ìmọ̀ràn dókítà, tó tún jẹun padà sí i nítorí ọ̀rọ̀ tí àwọn aládùúgbò ń sọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú èèyàn 8 tó wà láyé lọ́dún 2022, ẹnìkan ti sanra kọjá ààlà. Iye àgbàlagbà tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì lọ láti ọdún 1990. Nílé wa níbí, ìwádìí NDHS tí wọ́n máa ń ṣe láti ilé dé ilé fi hàn lọ́dún 2013 pé nínú 100 obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, 25 ló ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó fi máa di 2018, ó ti di 28. Ní Ghana, 25 ni lọ́dún 2003, 30 lọ́dún 2008, 40 lọ́dún 2014. Ẹ sì wá wò ó o, ìwádìí Nàìjíríà ti ọdún 2018 yẹn kan náà ló sọ pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó bó ṣe yẹ nítorí àìrí oúnjẹ tó dára jẹ. Nínú ilé kan náà nígbà míì, ìyá tóbi, ọmọ rù.

Kí ló kan ìtọ̀ ṣúgà nínú èyí? Ọ̀rá tó wà ní ìdí àti itan kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Èyí tó wà nínú ikùn, tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, òun gan-an ni wàhálà. Ẹ̀bà tí a jẹ máa ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì, tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, ló dà bí kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà yìí lè wọ inú iṣan lọ ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rá bá ti kún inú ikùn, kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ṣílẹ̀kùn dáadáa mọ́. Ara á máa rọ òmíràn sí i, títí tí á fi rẹ̀ ẹ́. Ṣúgà á wá dúró sínú ẹ̀jẹ̀, á máa ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó burú sí ni pé kò ní máa dunni.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò mọ̀ pé òun ní in títí tí ìṣó fi gún un lẹ́sẹ̀. Ìṣó náà gba inú bàtà wọlé, kò mọ̀ ọ́n lára. Ọjọ́ kẹta ni ìyàwó rẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n gé.

Ohun kan wà tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹfà àti Keje ọdún 2009, àwọn olùwádìí láti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Karolinska ní Sweden àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ṣàyẹ̀wò àwọn èèyàn 1,339 ní Enugu. Ẹni nǹkan bí ogójì ọdún ni wọ́n. Àwọn kan nínú wọn ni wọ́n bí ṣáájú ìyàn ogun Biafra, wọ́n bí àwọn kan láàárín ìyàn náà, láti 1968 sí oṣù Kìíní 1970, wọ́n sì bí àwọn yòókù lẹ́yìn ogun. Ta ni ẹ rò pé ara rẹ̀ le jù? Èmi rò pé ẹni tó ti mọ ebi láti inú oyún ni yóò rù jù. Rárá o. Tí a bá fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun, àwọn tó wà nínú oyún tàbí tí wọ́n jẹ́ ìkókó nígbà ìyàn ni ẹ̀jẹ̀ wọn ru jù, nọ́ńbà òkè fi nǹkan bí 7 ga ju ti àwọn yẹn lọ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ga sí i, ìbàdí wọn sì fi sẹ̀ǹtímítà 3 tóbi sí i.

Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé ọmọ tí ebi bá pa nínú ìyá rẹ̀, ara rẹ̀ á ti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́. Tí ọmọ náà bá wá dàgbà, tó rí búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò lójoojúmọ́, tó ń jókòó sídìí tábìlì láti àárọ̀, ara yẹn ò ní gbàgbé iṣẹ́ tó kọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ nínú ìròyìn nípa àwọn ọmọ tí ebi ń pa ní Borno tàbí Sókótó, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe wá. Mi ò gbà. Ẹni tó ń gbé Nyanya tó ń ṣiṣẹ́ ní Maitama, aago márùn-ún ìdájí ló ti wà nínú mọ́tò. Ibo ló fẹ́ ti rìn? Ẹ̀wà àti ẹyin ti gbówó lórí, gààrí ló ń yó ni, ẹ̀bà á wá ga bí òkè, ẹran á rí bí èékánná. Ìjọba fi owó orí lé ẹlẹ́rìndòdò lóòótọ́, náírà 10 lórí lítà kan, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022. Ẹ ṣírò rẹ̀: náírà 5 ni lórí ìgò tí ń gba ààbọ̀ lítà, tí ṣúgà inú rẹ̀ lè tó ṣíbí tíì mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Náírà 5 kò lè ra omi inú ọ̀rá kan. Mi ò mọ ẹni tí ìyẹn máa dẹ́rù bà.

Síbẹ̀, ó ṣeé dá dúró. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé àwọn tí ṣúgà wọn ti ń ga àmọ́ tí kò tíì di àrùn. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2002. Àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti jẹun níwọ̀ntúnwọ̀nsì, tí wọ́n sì ń rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ewu àtọ̀gbẹ fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù fún wọn. Kì í ṣe pé wọ́n di pẹ́lẹ́ńgẹ́ o, díẹ̀ ni wọ́n fi fúyẹ́. Èmi náà, kílò mẹ́fà ni mo dín kù. Mo ṣì ń lo oògùn mi.

Ẹ lọ yẹ ṣúgà yín wò láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Tó bá ti wọ 100, ẹ ti bọ́ sí ojú ọ̀nà. Tó bá tó 126, wọ́n á tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tó sọ pé àtọ̀gbẹ ni. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń wà ní 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣe sọ pé wàhálà ọ̀nà ló fà á bí mo ṣe sọ.

Ní báyìí, okùn rèé. Ẹ fi wọn ara yín láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ ká a sí méjì ọgbọọgba, kí ẹ wá fi yí ìbàdí yín ká, níbi ìdodo. Ẹ má fa ikùn wọlé, mo ń wò yín. Tí kò bá kárí, ìbàdí yín ti ju ìdajì gíga yín lọ nìyẹn, ẹ wá bá mi níbi tábìlì tí ẹ̀rọ wà. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà ẹ̀yìn.