Ta Ni Ilé Asọ̀rọ̀mágbèsì Wa Ń Jíhìn Owó Fún?

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ènìyàn Èjìgbò, ta ni ó yẹ kí ọ̀gá ilé asọ̀rọ̀mágbèsì wa jíhìn owó fún? Ìjọba Ọ̀ṣun ni ó ni OSBC, ni ó ń fún un lówó, ni ó sì ń yan ọ̀gá rẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi gbígba owó ìwé-àṣẹ rédíò lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Kò so ó mọ́ ilé náà. Olùgbọ́ kò wá ní ohùn níbẹ̀.

Nígbà tí owó wọ́n, láti 2015 di 2018, òṣìṣẹ́ ìjọba Ọ̀ṣun tí ipò rẹ̀ kéré gbowó pé. Ìdajì ni àwọn ọ̀gá àgbà gbà. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àbá mi ni pé kí a máa ka owó oṣù ọ̀gá sí etí olùgbọ́ lọ́dọọdún.