Igi Eléso Nínú Àgbàlá Ìjọ



Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ bí a ṣe lè fi igi àti ewéko tí ó ṣeé jẹ ṣe àgbàlá wa lọ́ṣọ̀ọ́, dípò kí a da sìmẹ́ǹtì bo gbogbo rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì. Ta ni kò mọ ewúro tí àwọn ìyá wa gbìn yí ẹ̀yìnkùlé ká? Ọgbà ni, ọbẹ̀ ni, oògùn sì ni.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí irú iṣẹ́ yìí ní títóbi, kí ó lọ sí Songhaï nínú ìlú Àjàṣẹ́ yìí. Ní 1985 ni Fadá Godfrey Nzamujo, àlùfáà ti ẹgbẹ́ Dòmíníkì, dá a sílẹ̀ lórí ilẹ̀ hẹ́ktà 1. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran ọ̀sìn kì í ṣe ẹ̀gbin: gáàsì ìdáná ń ti inú rẹ̀ jáde, ìyókù a sì di ajílẹ̀. Èmi kò ní kí a sọ àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì di Songhaï o. Ṣùgbọ́n ewé tí a ń gbá jọ ní gbogbo Àbámẹ́ta tí a sì ń dáná sun, oúnjẹ ilẹ̀ ni.

Máńgòrò ń fẹ́ àyè tó mítà 10 sí èkejì rẹ̀. Ẹ má ṣe gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọsàn, mítà 6 tàbí 7. Àgbọn kò yẹ níbi tí àwọn ọmọ katikísímù ń jókòó sí. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀fìnrín àti koóko ọba dára lẹ́bàá ọ̀nà: wọn a máa ta sánsán bí aṣọ bá kàn wọ́n.

Ṣùgbọ́n gbígbìn kọ́ ni iṣẹ́. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, gbogbo ènìyàn ni yóò di ọkọ́ mú níwájú ẹni tí ń ya fọ́tò. Ta ni yóò bu omi nígbà tí ọyẹ́ bá dé ní oṣù Kejìlá, tí òjò kò sì ní padà títí di oṣù Kẹta? Igi tí kò tíì pé ọdún 2 kò lè fara da á. Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbin ju iye igi tí ẹ ti rí ẹni tí yóò pọnmi fún lọ. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, kí a kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó bá jẹ́ 5 péré, 5 náà tó. Igi 40 tí ó gbẹ, owó ṣòfò, ojú sì tì wá.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kì í fẹ́ sọ: ta ni yóò jẹ èso náà? Bí a kò bá là á mọ́lẹ̀, òkò ni àwọn ọmọ yóò fi já máńgòrò tí kò tíì pọ́n, fèrèsé yóò fọ́, ìjà yóò sì dé láàárín ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Èrò tèmi ni pé èyí tí ọwọ́ bá tó, kí ẹni tí ń kọjá já a jẹ. Èyí tí a bá fi àkàbà ká, kí ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn opó àti àwọn aláìsàn kí a tó ta ìyókù. Nítorí àwọn tí ń já a jẹ lójú ẹsẹ̀, oògùn apakòkòrò kò gbọdọ̀ kan igi náà.

Kí àwọn olórí ẹgbẹ́ jọ̀wọ́ mú orúkọ àwọn apọnmi wá kí òjò oṣù Kẹrin tó rọ̀.