Ìjánu Ọkọ̀ Àtijọ́: Ibo Ni Àìsàn Rẹ̀ Wà?

Olóòtú ètò yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìjánu ọkọ̀ àtijọ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí bíréèkì, pàápàá irú èyí tí a ti tún ṣe títí, tí owó ti wọ́lẹ̀ lé e lórí, síbẹ̀ tí kò gbọ́. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Olùkọ́ ni mí. Ṣùgbọ́n mo ní ọkọ̀ Volkswagen kan, irú èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Ìjàpá, ohun tí ó sì fi ojú mi rí ni ó sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Ìjàpá pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìlú Puebla ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe èyí tí ó kẹ́yìn láyé ní 2003. Nítorí náà, èyí tí ó jẹ́ àbúrò pátápátá nínú wọn ti lé ní ọmọ ogún ọdún, tèmi sì ti di àgbà. Dúrọ́ọ̀mù ni ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí díìsìkì kankan lára rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ mi méjì sì jókòó sẹ́yìn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ náà ti ń dá àrà kan. Bí mo bá gbé e jáde ní òwúrọ̀, ara rẹ̀ á yá gágá. Bí a bá rin máìlì mẹ́rin tàbí márùn-ún, á bẹ̀rẹ̀ sí wúwo, bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á sẹ́yìn, pẹ́dà bíréèkì á sì le bí òkúta. Bí mo bá gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan, á ti gbàgbé ohun gbogbo. Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, òórùn ohun tí ń jó gba inú ọkọ̀ kan. Mo tẹ bíréèkì. Pẹ́dà tí ó le koránkorán tẹ́lẹ̀ wọlẹ̀ lọ bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ki bọ ẹrẹ̀. Níwájú mi, àwọn ọmọ ilé ìwé ń sọdá títì. Mo já jíà sí èkejì, mo já a sí èkínní, mo fa bíréèkì ọwọ́, mo sì darí ọkọ̀ wọ inú òkìtì yanrìn kan tí àwọn tí ń kọ́lé kó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó fara pa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi gbọ̀n títí di ìrọ̀lẹ́. N kò lè kọ nǹkan kan sára pátákó ní ọjọ́ náà.

Kì í sì í ṣe pé mo káwọ́ lẹ́rán kí ó tó di ọjọ́ náà. Mẹkáníìkì kan ti pààrọ̀ bàtà bíréèkì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi. Nígbà tí kò gbọ́, ó pààrọ̀ àwọn sìlíńdà kékeré tí ó wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó oṣù kan gbáko ni ó bá a lọ.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí bíréèkì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi í han àwọn ọmọ kíláàsì yín báyìí: ẹ mú síríǹjì méjì, ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní ihò so ẹnu wọn pọ̀, kí ẹ sì fi omi kún un. Bí ẹ bá ti ọ̀kan, èkejì yóò jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọ inú rẹ̀; ẹ ó rí i pé ẹ ó ti ti èkínní jìnnà kí èkejì tó mira. Omi kì í gbà kí a fún òun pọ̀. Afẹ́fẹ́ a máa gbà. Bíréèkì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Pẹ́dà ń ti ọ̀pá irin kékeré kan, ọ̀pá náà ń ti písítìn inú másítà, òróró ń gba inú páìpù lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, níbi tí àwọn sìlíńdà kékeré ti ń ti bàtà mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù.

Lílọ òróró yìí ni gbogbo wa mọ̀. Bíbọ̀ rẹ̀ ni a kì í rò. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, sípíríǹgì á fa bàtà sẹ́yìn, òróró á padà sí másítà, á sì gba ihò tóńtó kan bọ́ sínú ìkòkò rẹ̀. Ihò yìí náà ni òróró tí ó gbóná tí ó sì wú ń gbà yọ. Bí písítìn kò bá padà sẹ́yìn tán, yóò dí ihò náà. Òróró tí ó wú kò ní rí ibi gbà. Yóò máa ti bàtà mọ́ dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn yóò mú ooru wá, ooru yóò sì tún mú òróró wú sí i.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ kò mọ níwọ̀n. Òróró bíréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 3 kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé ìwọ̀n 205 Sẹ́síọ́ọ̀sì nígbà tí ó wà ní tuntun. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀ fún un já wá sí 140. Bí ó bá hó, ó di afẹ́fẹ́, ẹ sì ti rí iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń ṣe nínú síríǹjì. Ìdí nìyí tí pẹ́dà mi fi kọ́kọ́ le, tí ó sì wá rọ̀ wọlẹ̀. Àìsàn kan ṣoṣo ni, ojú méjì ni ó ní.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa, awakọ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ mi délé, ó wá kí mi.

"Tíṣà, ẹ kú ewu o. Ẹsẹ̀ wo ni ó ń gbóná nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Gbogbo wọn ni, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ mẹ́rin ha lè bẹ̀rẹ̀ àìsàn ní ọjọ́ kan náà bí? Orí ni ó ń fọ́ ọkọ̀ yín, ẹ̀yin wá ń fi oògùn pa á lẹ́sẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí pé òótọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ni ó há, ẹsẹ̀ náà ni kí a wádìí. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni kí a lọ bi.

Ní ọjọ́ kejì, a rọra wà á yí àdúgbò ká nínú jíà èkínní títí ó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí há. Bàbá ní ẹni tí ó bá yẹ ọkọ̀ wò nígbà tí ara rẹ̀ tutù, ara líle ni yóò bá níbẹ̀. A fi igi dí àwọn táyà, a fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú kan, a sì ki irin ìdúró sí abẹ́ rẹ̀, nítorí pé jáàkì nìkan kò tó fọkàn tán. Táyà kò yí. A wá tú nọ́ọ̀tì kékeré tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà díẹ̀. Òróró gbígbóná tú jáde fìì, táyà sì yí. Bí táyà bá ṣì há lẹ́yìn èyí, a jẹ́ pé òróró kò mọwọ́mẹsẹ̀. Sípíríǹgì tí ó kán, okùn bíréèkì ọwọ́ tí ó dípẹtà tàbí písítìn tí ó gan sínú sìlíńdà ni ọ̀daràn.

A dé nọ́ọ̀tì náà, a tẹ pẹ́dà, ó tún há. Ní ìgbà yìí, ẹnu páìpù tí ó jáde láti ara másítà ni a tú díẹ̀. Táyà tún yí. Bí kò bá yí ni, páìpù rọ́bà tí ó wà láàárín ni à bá mú. Ẹ kíyè sí rọ́bà yìí gan-an, nítorí pé òde rẹ̀ lè máa dán kí inú rẹ̀ ti wú pa ihò rẹ̀ dé, kí ó máa gba òróró láàyè láti lọ, kí ó má sì jẹ́ kí ó bọ̀.

Ó wá ku másítà àti ohun tí ń tì í. Bàbá fi ìka kan ti pẹ́dà. Ó yẹ kí ó lọ díẹ̀ lófìfo, nítorí pé ọ̀pá irin yẹn gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí mìlímítà kan jìnnà sí písítìn. Kò lọ rárá. Ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ti tú pẹ́dà náà rí. Mo rántí pé wọ́n pààrọ̀ okùn kílọ́ọ̀ṣì fún mi ní oṣù tí ó kọjá. Nínú Ìjàpá, awo irin kékeré kan wà nílẹ̀ ọkọ̀ tí pẹ́dà ń fẹ̀yìn tì. Ẹni tí ó tú u kò dá a padà sí àyè rẹ̀. A tú u, a sún un sẹ́yìn, a dè é. Kò ná mi ní kọ́bọ̀ kan. Òróró tuntun nìkan ni mo rà, nítorí pé èyí tí ó ti hó kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́.

Àwọn àìsàn yòókù kò le tó èyí. Bí pẹ́dà bá wọlẹ̀ ní ìtẹ̀ kìíní, tí ó sì ga tí ó le ní ìtẹ̀ kejì, bàtà ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù. Ẹ yí kẹ̀kẹ́ eléyín tí ó wà fún bàtà kọ̀ọ̀kan títí táyà kò fi ní yí mọ́, kí ẹ sì dá a padà ní eyín mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ó bá ń rọ̀ bí kànìnkànìn, afẹ́fẹ́ ni. Ẹsẹ̀ tí ó jìnnà jù sí másítà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ tú u. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí ó ń rọra rì, tí òróró kò sì jò síta, rọ́bà inú másítà ti gbó. Bí ọkọ̀ bá ń yà sí òsì, ẹ má ṣe yára dá ẹsẹ̀ òsì lẹ́bi. Ó lè jẹ́ pé òun nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, tí ti ọ̀tún ti gan.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe da ẹ́ńjìnì ọ́ìlì tàbí kẹrosíìnì sínú ìkòkò bíréèkì. Gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ ni yóò wú. Ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù, nítorí pé asibẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀pọ̀ bàtà àtijọ́, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tí a fi omi rin ni kí a fi nù ún.

Bí ẹ bá ṣe é tán, ẹ wà á lójú ilẹ̀ tí ó tẹ́, jẹ́jẹ́, kí ọwọ́ yín wà lórí bíréèkì ọwọ́. Ẹ rin nǹkan bí máìlì kan, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ dúrọ́ọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí ó bá gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni kí ẹ tún gbé jáàkì sí abẹ́ rẹ̀.