Ìbẹ́pẹ Gbígbìn Láti Inú Kóró

Kókó ọ̀rọ̀ tòní ni gbígbin ìbẹ́pẹ sínú ọgbà ilé. Àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá gbìn ni a ó ká. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onílé ní Ìlúpéjú ni ó ti sin kóró ìbẹ́pẹ sí ẹ̀yìnkùlé, tí ó bomi rin ín, tí ó dáàbò bò ó lọ́wọ́ ewúrẹ́, tí igi náà sì ga láìso ẹyọ kan. Irú wọn a ní ilẹ̀ Èkó kò gba ìbẹ́pẹ. Ilẹ̀ kọ́ ni ó jẹ̀bi. Akọ ni wọ́n gbìn láìmọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìbẹ́pẹ pín sí. Akọ a máa ta òdòdó wẹ́wẹ́ púpọ̀ sórí ọ̀pá gígùn tí ó rọ̀ wálẹ̀. Òdòdó abo tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lẹ̀ mọ́ ara igi. Èso rẹ̀ a máa rí roboto, ṣùgbọ́n kò lè so dáadáa bí àtíkè òdòdó akọ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí akọ àti abo jọ wà nínú òdòdó rẹ̀ kan náà. Ó lè dá so, èso rẹ̀ sì máa ń gùn gbọọrọ.

Níhìn-ín ni ọgbọ́n wà. Kóró inú èso roboto tí ó gba àtíkè lọ́dọ̀ akọ a máa pín sí méjì: bí ìdajì yóò jẹ́ akọ, ìdajì yóò jẹ́ abo. Ṣùgbọ́n nínú kóró 3 tí a mú láti inú èso gbọọrọ tí ó dá so, bí i 2 ni yóò jọ ìyá wọn, tí 1 yóò sì jẹ́ abo. Akọ kì í sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ààyè rẹ̀ kò ju ti igi méjì lọ, inú èso gbọọrọ tí ó dùn ni kí ó ti mú kóró.

Awọ tí ó ń yọ̀ lára kóró kì í jẹ́ kí ó tètè hù. Kí a fi iyanrìn bó o nínú omi, kí a sá kóró sí ibòji, kí a sì gbìn ín sínú agolo tí a ti lu ìdí rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, yóò hù. Ẹni tí kò mọ irú èso tí kóró rẹ̀ ti wá lè lọ́ ọ̀gbìn 3 sí ojú kan, kí ó dúró de òdòdó ní nǹkan bí oṣù 5 sí 8, kí ó tó fa èyí tí kò fẹ́ tu.

Omi adágún ni ọ̀tá ìbẹ́pẹ. Ní oṣù Òkúdù, tí òjò bá le tí gọ́tà sì kún, ọjọ́ méjì péré ti tó láti ba gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́. Orí ebè gíga ni kí a gbìn ín sí. Ní àdúgbò ilé iṣẹ́, kí a sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ti da ọ́ìlì dúdú tàbí omi bátìrì sí. Òjé inú bátìrì a máa wọnú ilẹ̀, kì í sì í tètè kúrò níbẹ̀.

Èyí kò sọ akọ di aláìwúlò. Akọ kan tó fún abo bí i 10, kòkòrò sì lè gbé àtíkè rẹ̀ kọjá ògiri. Ẹni tí ó bá gé akọ kan ṣoṣo tí ó wà ládùúgbò lè sọ abo tí ó wà lẹ́yìnkùlé aládùúgbò rẹ̀ di àgàn.

Kí olùkọ́ mú òdòdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sí kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ara wọn rí ìyàtọ̀ wọn. Òwe àwọn àgbà kò yẹ̀: ohun tí a bá gbìn náà ni a ó ká. Ó kù kí a mọ ohun tí a ń gbìn.