Títa Ọfà sí Ọ̀nà Jíjìn

Ọrun gígùn àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo mú wá lónìí, ọrun igi tí ó ga tó ènìyàn. Òfin Ọba Henry kẹjọ ti ọdún 1541 kọ̀ fún ọkùnrin tí ó ti pé ọdún 24 láti fi ọfà fífúyẹ́ ta àmì tí kò jìnnà ju 220 yáàdì lọ.

Ẹ ó ní agbára apá ni. Rárá o. Hugh Latimer oníwàásù sọ níwájú Ọba Edward kẹfà ní 1549 pé bàbá òun kọ́ òun láti fi gbogbo ara fa ọrun.

Bí àmì bá jìnnà, ọfà gbọ́dọ̀ gòkè kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀gbẹ̀rì ti ń ṣìṣe: apá tí ó di ọrun mú nìkan ni yóò gbé sókè. Okùn kò ní fà dé ibi tí ó yẹ mọ́, ọfà á sì já sílẹ̀ lágbedeméjì. Láti ìbàdí ni kí ó ti tẹ̀ sẹ́yìn, kí àyà, èjìká àti apá jọ gòkè.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó gòkè a máa bo àmì mọ́ni lójú. Àwọn kan a máa wo àmì lábẹ́ ọwọ́. Àwọn mìíràn a fi ṣónṣó ọfà sun orí igi kan tí ó wà lókè àmì. Ti igi ni mo fara mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìkùukùu ṣe é o, nítorí ìkùukùu ń rìn! Bí ọfà kò bá dé ibẹ̀, kí a gbé e sókè díẹ̀ sí i, kí a má ṣe yí bí a ti ń fa okùn padà. Kí a sì wo ẹ̀yìn àmì dáadáa, bí ènìyàn bá wà níbẹ̀, kí a tó jọ̀wọ́ okùn.